Táìlì gbọ̀ngàn kò jẹ́ kí n mọ ìyáàlù: adití onígúdúgúdú ń béèrè ọ̀nà

Onígúdúgúdú_ÌtaẸlẹ́wà | Ọjọ́ Ẹtì, 8:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Adití ni mí, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò sì ṣe nǹkan kan fún mi. Gúdúgúdú ni mò ń lù nínú ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù kan, kẹríkẹrì kan, ìsáájú kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti èmi. Ìkòròdú, Ìmọ̀tà àti Igbógbo la ti sábà máa ń ṣeré.

Níbi tí a ti ń kọ́ ìlù, orí pákó là ń dúró sí. Ìyáàlù máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé títí dé orúnkún, mo sì mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n tí a bá dé gbọ̀ngàn, kọnkéré tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri. Ohun tó ń dé ẹsẹ̀ mi ni jẹnẹrétọ̀, ohun tó ń dé àyà mi ni gúdúgúdú tèmi fúnra mi. Tí ìyáàlù bá yí ìlù padà, mo ti lu ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀. Ọ̀gá wa gbé sípíkà tó tóbi sí i wá, ṣe ló tún dàrú.

Kí ni kí n dúró lé? Apá ibo ni kí n dúró sí? Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí mo lè so mọ́ ara? Ẹ rántí pé kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré, la fi ń gbé ẹrù.

Sáúńdì_Ẹ̀bútẹ́ | 8:31 alẹ́

Àbúrò, béèsì ni ara ń mọ̀. Ẹ wá subwoofer (sípíkà béèsì) oní-íǹṣì 15 kan, ẹ fi sí ẹ̀yìn rẹ níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ẹ gé gbogbo ohun tó bá ju 80 Hz lọ kúrò nínú rẹ̀, kí béèsì nìkan ṣẹ́kù. Ẹ wá ṣí i dáadáa. Á gbọ̀n ọ́ láti ẹ̀yìn dé àyà.

Olùkọ́ìlù_Àgbádárìgì | 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Sáúńdì, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí á ba nǹkan jẹ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Awọ ara wa máa ń mọ gbígbọ̀n láti nǹkan bíi 5 Hz títí dé ìtòsí 1,000 Hz. Ibi tó ti mú jù lọ ni nǹkan bíi 200 sí 300 Hz. Ẹ wá gé gbogbo ohun tó ju 80 lọ sọnù! Ibi tí awọ ti ń gbọ́ràn jù gan-an lẹ sọnù yẹn. Ohùn òkè àti ohùn àárín ìyáàlù ti bá a lọ, ariwo ìsàlẹ̀ ló ṣẹ́kù, ìyẹn sì jọ jẹnẹrétọ̀ gan-an.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù máa ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ńlá tó ń lo dísù sábà máa ń yí ní ìgbà 1,500, ìyẹn 25. Abẹ́ 80 ni méjèèjì wà. Tí ẹ bá fi béèsì kún un, ẹ kàn ń da omi sínú omi ni, ẹsẹ̀ kò ní mọ èwo ni ìlù, èwo ni ẹ́ńjìnnì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí sípíkà ńlá ọ̀gá wọn fi dà á rú.

Àbúrò, ìṣòro tìrẹ kì í ṣe pé ìró kéré. Ìṣòro rẹ ni pé ohun mẹ́ta ń gba ojú ọ̀nà kan wọlé. Yà wọ́n sọ́tọ̀: gúdúgúdú tìrẹ fún ọwọ́ àti àyà, ìyáàlù fún ìdí àti ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ sì wà fún àwọn ìlù tó kù. Tí ìlù kọ̀ọ̀kan bá ti ní ibi tirẹ̀ lára, wàá mọ̀ ọ́n láìsí pé wọ́n ń gbé ariwo sókè.

Àyàn_Ẹ̀pẹ́ | 9:20 alẹ́

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni tó na owó, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí: kí onígúdúgúdú má dúró, kí ó jókòó. Kì í ṣe lórí àga oníke o. Àpótí igi ni, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, bí irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó dáná. Kí ó fi eékún rẹ̀ ọ̀tún kan ara ìyáàlù. Ara igi ìlù náà ni kó kàn, kó má kan awọ tàbí ọsán (okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀), nítorí ìyẹn á pa ohùn ìlù. Igi ọ̀mọ̀ ni a sábà máa ń fi gbẹ́ ìlù, ó sì máa ń gbé ìró dáadáa. Ohun tó bá ti ojú igi wọ eékún kò nílò iná.

Àlàfo tó wà láàárín òun àti onílù ìyáàlù kò gbọdọ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

Ọmọ_Àgíríìkì | 9:26 alẹ́

Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu? Ẹ ra irú ìfetígbọ́ tó máa ń jókòó sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò gba inú etí. Ó ń gba egungun lọ tààrà.

Olùkọ́ìlù_Àgbádárìgì | 9:41 alẹ́

Ọmọ Àgíríìkì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó ní irú adití tí ìyẹn ń ràn lọ́wọ́. Ìfetígbọ́ egungun kàn ń fo ihò etí àti awọ etí kọjá ni. Ó ṣì gbọ́dọ̀ dé inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìró ti ń di iṣẹ́ fún iṣan ọpọlọ. Tó bá jẹ́ ìta tàbí àárín etí ló bàjẹ́, ó wúlò gan-an. Tó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún ló bàjẹ́ púpọ̀, ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn máa rìn ín bíi kòkòrò ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò ti ṣe nǹkan kan fún un, èmi ò ní ní kó náwó sí i.

Tí ó bá sì jẹ́ ti aláìlówáyà, ó burú sí i. Bluetooth máa ń falẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lè pẹ́ tó ìdá 100 sí 200 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ orin lásán kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n onílù á mọ̀. Wáyà ni kí ẹ lò fún gbogbo ohun tó bá máa kan ara onílù.

Káfíńtà_Igbógbo | 10:15 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Apá tèmi ni ohun tí yóò dúró lé. Táìlì lórí kọnkéré wúwo ju kí ìlù lè mì ín lọ, nítorí náà pẹpẹ tirẹ̀ ni kó gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ gba pláìwúùdù oní-mílímítà 18. Odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ẹ gé e sí méjì, kí ó di 4 sí 4. Ẹ fi igi 2 sí 3 íǹṣì ṣe férémù yíká etí rẹ̀, kí íǹṣì 3 dúró lóòró, kí afẹ́fẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀ bí inú ìlù. Igi kan ṣoṣo ni kí ẹ fi dábùú àárín. Kí ó má ṣe bọ́ sí ibi tí àpótí ìjókòó máa wà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń to igi mẹ́rin márùn-ún sí abẹ́ kí ó lè lágbára. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ilẹ̀ kọnkéré nìyẹn.

Gọ́ọ̀mù káfíńtà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà sikúrúù ní gbogbo íǹṣì 6. Ẹ má lo ìṣó. Ìṣó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ tí pákó bá ń mì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á máa dún jẹẹrẹ. Ẹni tó ń gbọ́ràn á mọ̀ pé ìṣó ni. Adití á rò pé ìlù ni, nítorí jẹẹrẹ yẹn á dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù: ẹsẹ̀ pẹpẹ. Ẹ gé taya ọkọ̀ tó ti gbó sí ìwọ̀n íǹṣì 3 sí 3, ẹ fi méjì méjì lé ara wọn, kí ẹ fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Taya yìí á ṣe iṣẹ́ méjì: kò ní jẹ́ kí ìró ìlù sá wọ kọnkéré, kò sì ní jẹ́ kí ti jẹnẹrétọ̀ ráàyè gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé férémù igi lé táìlì láìsí rọ́bà, ìdajì iṣẹ́ ti ṣòfò.

Ìdòwú_Onígángan | 10:32 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, mílímítà 18 ti le jù. 12 ni ẹ fi ṣe é, á mì dáadáa. Kí ó sì bọ́ bàtà. Evelyn Glennie, obìnrin ará Scotland tó ń lu oríṣiríṣi ìlù káàkiri ayé, láìwọ bàtà ló ń lu tirẹ̀.

Káfíńtà_Igbógbo | 10:44 alẹ́

Àbúrò, mílímítà 12 lórí fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4, pẹ̀lú igi àárín kan, á tẹ̀ bọ̀. Tí ènìyàn méjì bá gun un, ó lè ya. Tí pákó bá sì ti tẹ̀ wálẹ̀, kò ní mì bó ṣe yẹ mọ́. Tó bá jẹ́ pẹpẹ tóóró, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ní fífẹ̀, mo gbà fún ọ, 12 á ṣe é.

Ìyá_Akọrin_Ìpakodò | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ìdòwú, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Glennie, ṣùgbọ́n ẹ parí rẹ̀ fún àbúrò wa. Etí obìnrin náà ti di gan-an ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe pátápátá. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó fi ọwọ́ lé ògiri yàrá tí wọ́n ti ń lu tímpánì, ìlù ńlá alábẹ́ bàbà, kí ó máa wá ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ àti itan ló ti ń mọ̀ ọ́n jù. Ohùn òkè, ojú, ọrùn àti àyà. Bíbọ́ bàtà nìkan kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Kíkọ́ ara ni. Láìwọ bàtà lórí táìlì tí kò mì, òtútù lásán ni ẹsẹ̀ máa gbà.

Bí a ṣe lè kọ́ ara: kí ẹnì kan máa lu ìyáàlù ní ohùn kan ṣoṣo, ìsàlẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú 1. Kí onígúdúgúdú fi ìka ọwọ́ kan ara pákó, kí ó wá ibi tó ti hàn jù lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn àárín, lẹ́yìn náà òkè. Kí wọ́n wá máa dà á pọ̀, kí ó máa fi ìka tọ́ka èwo ni. Ẹ má retí pé kó mọ ohùn méjì tó súnmọ́ ara wọn. Awọ kò mọ ìyàtọ̀ kékeré bí etí ṣe mọ̀ ọ́n. Dò àti mí ti dùndún jìnnà síra wọn tó, á mọ̀ wọ́n. Re ló máa ń ṣòro.

Bàlúùnù náà wúlò fún ìgbà tí ẹ bá ń kọ́ nílé. Ẹ fẹ́ ẹ kí ó le díẹ̀, kí ó má le jù kí ó má baà bẹ́. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà ní iwájú ìlù tàbí sípíkà. Ojú bàlúùnù ń mì pẹ̀lú ìró inú afẹ́fẹ́, kódà ohùn ènìyàn máa ń dé ibẹ̀. Fún òde kò wúlò, nítorí ọwọ́ onílù kò ṣófo.

Kí ó sì máa sinmi. Tí gbígbọ̀n kan bá ń kan ibì kan náà láìdúró, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lára, ohun tó hàn tẹ́lẹ̀ á di bàìbàì. Kò túmọ̀ sí pé sípíkà rẹ̀lẹ̀. Kí wọ́n má gbé e sókè. Kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ó tún ìjókòó ṣe, á padà.

Sáúńdì_Ẹ̀bútẹ́ | 8:10 àárọ̀

Olùkọ́, mo gba àtúnṣe. Mo ń ro ti orin DJ, kì í ṣe ti dùndún. Ẹ jẹ́ kí n tún tèmi tò.

Ẹ fi maiki kékeré kan sí ìtòsí ojú ìyáàlù, bí íǹṣì 4. Ẹ darí rẹ̀ lọ sí ámpù (ẹ̀rọ tó ń mú ìró lágbára) tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ohun mìíràn má wọ ibẹ̀. Láti ámpù, ẹ mú un lọ sí sípíkà oní-íǹṣì 6 tàbí 8 lásán, kì í ṣe subwoofer. Ẹ gbé e sínú àpótí ìjókòó rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí òkè. Ẹ gé ìsàlẹ̀ kúrò ní 80, kí ẹ fi òkè sílẹ̀ títí dé bí 800. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ.

Tí ẹ bá rí shaker rà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ àga kí àga máa mì, ó dára fún ìlù ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn fún ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Ti oní-4 ohm (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó) ló pọ̀. Tí ẹ bá de méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, 2 ohm ni yóò jẹ́ lójú ámpù, ọ̀pọ̀ ámpù á gbóná títí á fi kú. Ẹ tò wọ́n tẹ̀léra, kí ó di 8.

Ewu kan wà tí adití kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀: tí maiki bá ń gbọ́ sípíkà ara rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hú fíììì. Kí ẹnì kan tó ń gbọ́ràn dúró ti ámpù nígbà tí wọ́n bá ń tò ó. Ẹ má sì lẹ maiki mọ́ ara pẹpẹ láéláé.

Ẹ ṣọ́ etí àwọn tó kù pẹ̀lú. Tí ìró bá ti ju 85 dB (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe le tó) lọ fún wákàtí 8, etí lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní 88, wákàtí 4 ló kù, ó ń dín sí ìlàjì ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi 3 gòkè. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fara mọ́ àpótí ìjókòó ju sípíkà gbígbé sókè lọ.

Ìdòwú_Onígángan | 8:22 àárọ̀

Fún ìyípadà ìlù, kí ó máa wo ìgbọ̀nwọ́ onílù. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá fún ìlù pọ̀, ohùn ń gòkè nìyẹn.

Àyàn_Ẹ̀pẹ́ | 8:50 àárọ̀

Gángan lẹ ń sọ, abíyá ni wọ́n ń há a sí. Ìyáàlù kò rí bẹ́ẹ̀. Èjìká ló rọ̀ sí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí. Ọwọ́ òsì ló ń di ọsán mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi kọ̀ǹgọ́ lù. Nítorí náà ọwọ́ òsì ni kó máa wò, orí ọrùn ọwọ́ gan-an. Ọsán tí wọ́n fà ṣinṣin, ohùn òkè. Ọsán tí wọ́n dẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì máa ń ṣí ṣáájú kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀, èyí ń fún un ní àyè díẹ̀.

Kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì ìyáàlù, kó lè rí i. Mo mọ̀ pé mo ní eékún ọ̀tún lókè yẹn, ó bá a mu: òsì onílù ni ọ̀tún tirẹ̀ máa kọjú sí.

Nígbà tí ìyáàlù bá fẹ́ yí ìlù, ó máa ń kọ́kọ́ fi gbólóhùn pè. Kí wọ́n kọ àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì fi wọ́n kọ́ ara lórí pẹpẹ. Àdéhùn mẹ́rin márùn-ún ti tó fún òde kan. Ẹni tó mọ gbólóhùn kì í dúró de ìró tán kí ó tó mọ ibi tí ìlù ń lọ.

Onígúdúgúdú_ÌtaẸlẹ́wà | 12:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́: ọ̀rinrin ọ̀sà ń rọ awọ gúdúgúdú mi, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ láìgbọ́ ọ? Èkejì: pẹpẹ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 kò lè wọ kórópe pẹ̀lú ìlù.

Àyàn_Ẹ̀pẹ́ | 1:05 ọ̀sán

Fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ awọ, níbi tí ìda tí a lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ kò dé. Ó yẹ kí ó ti ọwọ́ rẹ padà kíákíá. Tó bá rì tó sì lọ́ra láti padà, ó ti rọ̀. Lẹ́yìn náà fi ìka òsì kan etí igi ìlù, kí o lu ú ní ẹ̀ẹ̀kan: tí awọ bá le, ìka á mọ nǹkan ṣókí tó mú. Tó bá rọ̀, á dà bíi pé ẹnì kan ń kan pákó láti òkèèrè. Oòrùn ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Má jẹ́ kí ìda súnmọ́ iná, á yọ́. Fi ìka yẹ etí ìda náà wò kí o tó gun orí eré, nítorí ìda tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ṣí máa ń ta jẹẹrẹ sí ọwọ́, ó sì ń da ìlù rú fún ẹni tó ń fi ọwọ́ gbọ́ràn.

Olùkọ́ìlù_Àgbádárìgì | 1:18 ọ̀sán

Ní ti jẹnẹrétọ̀: kí ọ̀gá yín bẹ onígbọ̀ngàn kí wọ́n gbé e kúrò lórí símẹ́ńtì tó so mọ́ gbọ̀ngàn. Orí yanrìn tàbí lórí taya méjì ni kó wà. Èyí kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Káfíńtà_Igbógbo | 2:40 ọ̀sán

Fún kórópe: ṣe pẹpẹ méjì, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4 ìkọ̀ọ̀kan. Níbí ni mílímítà 12 Ìdòwú ti bọ́ sí i. Férémù 2 sí 3 yíká, kò nílò igi àárín rárá. Má fi hínjì ilẹ̀kùn so wọ́n pọ̀, á máa dún. Lu ihò mẹ́ta sí férémù tó kọjú síra wọn, kí o fi bóòtù oní-íǹṣì 4½ dè wọ́n, pẹ̀lú rọ́bà pẹlẹbẹ tí a gé lára túúbù táyà láàárín igi méjèèjì. Dè é kí ó le, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí rọ́bà fọ́n jáde.

Pẹpẹ kan fún àpótí àti ìdí rẹ, èkejì fún ẹsẹ̀ kẹríkẹrì. Tí o bá fẹ́ kí ìyáàlù nìkan wà lára ìjókòó, má de wọ́n rárá: fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn. Gbìyànjú méjèèjì kí o tó yàn. Bóòtù mẹ́ta, o lè tú u láàárín ìṣẹ́jú 2.